Àwọn Onídòdò Kúrò Lójú Títì

Ẹni tó bá ti gba Ìkirè kọjá rí láti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀, ó ti rí ìyá mi, àfi tó bá sùn nínú ọkọ̀. Abẹ́ igi máńgòrò kan létí títì ni wọ́n ń jókòó sí, agbada níwájú wọn, apẹ̀rẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà lẹ́yìn wọn. Dòdò Ìkirè ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè rò pé èédú ni, nítorí ó dúdú kirikiri. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àwọn ará ibòmíràn ń dà nù pé ó ti pọ́n jù, òun gan-an là ń wá. Wọ́n á fi ata àti iyọ̀ pò ó, wọ́n á dín in nínú epo pupa títí tí yóò fi gbó, wọ́n á wá fi ọwọ́ mọ ọ́n ṣóńṣó nígbà tó ṣì gbóná débi tó lè bó èèyàn lára. Àtẹ́lẹwọ́ màámi le débi pé nígbà tí mo wà ní kékeré, tí wọ́n bá fi nù mí lójú, ẹkún ni mo máa ń bú sí.

Dòdò yìí ló rán mi lọ síbi tí mo ti kọ́ṣẹ́ tíṣà. Òun náà ló kọ́ ilé tí a ń gbé ní Apòmù, nítòsí Ìkirè. Bàbá mi kì í ṣe ọ̀lẹ o, ṣùgbọ́n ẹ̀dá tí àìsàn bá dá dúbúlẹ̀, kí ló kù tó lè ṣe?

Kí ohun tó ṣẹlẹ̀ tó lè yé yín, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìwà àwọn dírẹ́bà ọ̀nà yẹn. Ará Ìkirè kì í sábà ra dòdò jẹ. Ta ni yóò máa ra ohun tí ìyá rẹ̀ ń dín nílé? Èrò ọkọ̀ ló ń rà á, dírẹ́bà ló sì ń yan ibi tí èrò ti máa rà á, torí òun ló ń tẹ bíréèkì. Dírẹ́bà kọ̀ọ̀kan ló ní onídòdò tirẹ̀. Kí àwọn obìnrin tò lọ bẹẹrẹ, kí àwọn èrò máa pariwo pé ebi ń pa àwọn, kò ní í dúró lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Tí onídòdò rẹ̀ bá ní òun ò tíì dín tán, yóò dúró dè é. Tó bá ń ṣàìsàn, dírẹ́bà á kọjá láìrà nǹkan kan títí ara ẹni yẹn yóò fi yá. Ìwà ọ̀dàlẹ̀ ni kí èèyàn fi onídòdò rẹ̀ sílẹ̀ lọ bá òmíràn, àfi tí ẹni náà bá ti kú. Kò sẹ́ni tó ṣòfin ẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Màámi sì ni oníbàárà wọn pọ̀ jù lójú ọ̀nà yẹn.

Ìgbà tó yá ni káńsù dé. N ò ní sọ káńsù tó jẹ́. Olùkọ́ ìjọba ni mí, n kò fẹ́ kí ẹnu mi kó bá mi. Wọ́n ní àwọn onídòdò ń dọ̀tí ojú títì, wọ́n ní tírélà lè ya lu wọ́n. Ká má purọ́, òótọ́ wà níbẹ̀. Tírélà kan ti sọ ìjánu nù rí, tó ya wọ igbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ màámi, epo gbígbóná sì dà sí wọn lẹ́sẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sá. Àpá ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Káńsù wá kọ́ ọjà tuntun sẹ́yìn ìlú, lójú ọ̀nà oko, ṣọ́ọ̀bù onílẹ̀kùn irin lóríṣiríṣi, wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún. Ó dùn ún wò, ẹ má dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ wo ló ń gba ọ̀nà oko kọjá lọ sí Ifẹ̀?

Ohun tí àwọn onídòdò sọ nìyẹn. Wọ́n ní àwọn ò lọ. Màámi ni olórí wọn, àwọn náà ní àwọn ò lọ. Káńsù kọ̀wé, káńsù rán ọlọ́pàá, àwọn obìnrin jókòó síbẹ̀ bí ẹni pé kì í ṣe àwọn ni wọ́n ń bá wí.

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni, mo ń bu ìrẹsì fún màámi, bẹ́ẹ̀ ni alága káńsù wọlé fúnra rẹ̀. Ọmọ ìlú ni, kì í ṣe àjèjì. Ó ṣí fìlà, ó sì nà gbalaja sórí sìmẹ́ńtì ilé wa pẹ̀lú agbádá funfun rẹ̀. Kì í ṣe dọ̀bálẹ̀ àwọn ọmọ ìsinsìnyí tí wọ́n ń fi ìka kan kan ilẹ̀. Àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan ilẹ̀.

Ó ní, “Màámi, ẹ ṣàánú mi. Tí ẹ bá ti gbà, gbogbo wọn á gbà. A ó gbé ibùdókọ̀ lọ sí ọjà yẹn. Gbogbo ọkọ̀ tó bá ń kọjá ló gbọ́dọ̀ yà síbẹ̀ kó tó máa lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má dójú tì mí.”

Màámi ní kó dìde, kò dìde. Wọ́n ní kó dìde lẹ́ẹ̀kejì, ó ní àfi tí wọ́n bá dá òun lóhùn. Mo rí i tí ojú màámi yí padà. Mo yára sún mọ́ wọn, mo sọ ọ́ sí wọn létí pé, “Màámi, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó fọwọ́ sí i.”

Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo tutọ́ sínú oúnjẹ. “Ọmọ èèyàn fàyà lélẹ̀ fún mi, o ní kí n tún máa gbàwé lọ́wọ́ ẹ̀? Irú ẹ̀kọ́ wo ni wọ́n kọ́ ẹ níléèwé yẹn?”

Wọ́n gbà fún un. Ọ̀rọ̀ tó ba ayé wọn jẹ́ kò ju “Mo ti gbọ́, dìde” lọ.

Nígbà tí wọ́n pe àwọn onídòdò jọ, ariwo sọ. Obìnrin kan wà láàárín wọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ màámi láti kékeré, tó ń gbé ọ̀dọ̀ wa títí ó fi lọ sílé ọkọ. Àkọ́bí ni màámi máa ń pè é, bẹ́ẹ̀ èmi rèé tí wọ́n bí gan-an! Òun ló dìde tó béèrè pé, “Ìyá, tí ọkọ̀ ò bá wá yà ńkọ́?” Màámi ní, “Mo ti fọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un. Títì yẹn, n ò ní padà síbẹ̀ mọ́.” Àwọn yòókù wo ojú wọn, wọ́n sì kó ẹrù. Kò pẹ́ tí wọ́n kó tán ni katapílà dé, ó sì hú igi máńgòrò náà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò.

Omi jáde nínú ẹ̀rọ ọjà tuntun lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Àwọn ọ̀gá bu omi náà mu, wọ́n ya fọ́tò, ó parí síbẹ̀. Omi Asejire tó wà nítòsí wa ń ṣàn lọ sí Ìbàdàn, àwa ń dúró de ọmọlanke tó ń ta omi. Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn wá jù. Ibùdókọ̀ ni a ń retí. A retí títí. Sáà alága náà parí, ó kó lọ sí Abùjá, nọ́ńbà rẹ̀ kò sì lọ mọ́. Mo mú màámi lọ sí káńsù, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí ìdí fi ń dùn wọ́n. Ọ̀gá tuntun tó wà níbẹ̀ kò láàánú kankan lójú. Ó ní ọ̀rọ̀ ibùdókọ̀ kò sí nínú ètò tòun. Ó tún wá fi kún un pé kí Màmá lọ máa gbàdúrà. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, màámi di ọwọ́ mi mú. Orí ló kó ọkùnrin yẹn yọ.

Àràárọ̀ ni màámi ń dín dòdò ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Wọ́n á wẹ̀, wọ́n á wé gèlè, wọ́n á jókòó. Ewúrẹ́ àti àwọn tó ń ti oko bọ̀ ló ń kọjá níwájú wọn. Nírọ̀lẹ́ wọ́n á gbé gbogbo rẹ̀ wálé. Èmi ni mò ń kó o lọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, títí ọ̀kan nínú wọn fi fajú ro lọ́jọ́ kan tó ní, “Àǹtí, ṣé dòdò náà tún ni?” Díẹ̀ ló kù kí n gbá a létí. Mo jáde sẹ́yìn kíláàsì, mo sunkún níbẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ inú wọn ló kọ́kọ́ padà sójú títì. Wọn ò lè gbé àtẹ kalẹ̀ mọ́, nítorí náà wọ́n ń gbé e sórí, wọ́n ń sá tẹ̀lé ọkọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yọ lọ, tí wọ́n bá sì rí màámi lọ́nà, wọ́n á gba ẹ̀yìnkùlé. Àkọ́bí nìkan ló wá kúnlẹ̀ kó tó lọ. Ó ní, “Ìyá, ẹ má bínú, àwọn ọmọ mi ò rí jẹ.” Màámi fọwọ́ pa á lórí. “Máa lọ. Èmi ni mo ní n ò ní padà, ìwọ ò sọ ọ́.”

Èmi ò ní irú sùúrù yẹn. Mo pariwo mọ́ wọn nílé lálẹ́ ọjọ́ náà. “Màámi, ọkùnrin yẹn purọ́ fún yín! Kí lẹ ń pa àdéhùn mọ́ fún?”

Wọ́n ní, “Òun ló purọ́. Ṣé kí èmi náà wá purọ́ kún un ni?”

Orúnkún wọn pàápàá kò lè sáré tẹ̀lé ọkọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe orúnkún ló dá wọn dúró. Nígbà tó ku àwọn nìkan ní ọjà yẹn, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n wálé, wọ́n ń bá àwọn alátẹ ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Wọn ò ráhùn. Ó kàn jẹ́ pé tí a bá ń sọ̀rọ̀, wọ́n á dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, wọ́n á gbàgbé pé àwọn ṣì ń sọ ọ́.

Ọ̀sán Sátidé kan ni bọ́ọ̀sì kan dúró níwájú ilé wa. Èmi ń fọ aṣọ lójúde, màámi wà ní kọ̀rọ̀ fàráńdà pẹ̀lú ẹ̀gúsí wọn. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, àwọn méjì tẹ̀lé e, wọ́n ti ṣí fìlà lọ́wọ́. Wọ́n gbé búrẹ́dì àti mínírà dání. Ọkùnrin náà wò mí tàánútàánú.

“Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Àǹtí. Ọlọ́run á tẹ́ ìyá sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ má bínú, a ò tètè gbọ́ ni.”

“Ìyá wo?”

“Ìyá onídòdò. Dírẹ́bà wọn ni wá, láti Iléṣà.”

Bẹ́ẹ̀ ni màámi sọ̀rọ̀ láti kọ̀rọ̀ wọn pé, “Ta nìyẹn?”

Yéè! Búrẹ́dì bọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn ti wà nínú bọ́ọ̀sì padà, ó ti ilẹ̀kùn. Ọkùnrin tó bá mi sọ̀rọ̀ ló ṣọkàn akin, ó sún mọ́ wọn díẹ̀díẹ̀, ó di ẹsẹ̀ wọn mú, ó wo àpá iná yẹn, ó sì bú sẹ́kún. Èmi náà bú sẹ́kún. Màámi ń wo àwa méjèèjì.

Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ ló ṣàlàyé. Ó ní nígbà tí àwọn kò rí màámi lójú títì mọ́, wọ́n sọ fún àwọn pé wọ́n ti kó lọ sí ọjà ẹ̀yìn ìlú. Èrò kò gbà kí àwọn yà lọ síbẹ̀. Àwọn sì pinnu pé àwọn ò ní rà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ń kọjá bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, àwọn obìnrin ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀, wọ́n ń bẹ̀, àwọn ò dúró. Lọ́jọ́ kan, èyí tí màámi máa ń pè ní Àkọ́bí wá sí ojú fèrèsé ọkọ̀, ó ní Ìyá ti kú, àwọn ti sin wọ́n, àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ló kù. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ti ń rà lọ́wọ́ wọn.

Ara mi gbóná. Mo ti ń so ìró mi, mo ti ń wá bàtà. Ọkùnrin náà ní kí n wọ ọkọ̀, kí a jọ lọ tú wọn fó lójú títì. Mo ní, “Wọ́n á mọ̀ pé ìyá mi bímọ.”

Ẹ̀gúsí wà ní ìka màámi, wọn ò ṣẹ́ ẹ. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin náà pé, “Ṣé gbogbo yín lẹ ti ń rà lọ́wọ́ wọn báyìí?”

“Gbogbo wa ni, Ìyá.”

“Ṣé wọ́n ń jẹ́ kó gbó dáadáa?”

“Ó jọ tiyín.”

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn pé ẹ rí mi.”

Ọkùnrin náà fẹ́ jiyàn, wọ́n gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n yí ojú sí mi, wọ́n ní kí n bọ́ bàtà. Mo bọ́ ọ.

Ìbàdàn ni a ń lọ báyìí nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, ọ̀nà kan ṣoṣo náà la sì ń gbà. Tí ọkọ̀ wa bá ti ń sún mọ́ ibi tí àwọn onídòdò ti ń sáré, màámi á fa ìborùn wọn sílẹ̀, wọ́n á fi bo ojú títí a ó fi kọjá.