Labalábá, Àfòpiná àti Sányán Ìyá Àgbà

Sílípáàsì mi ti lọ sókè tán láti pa àfòpiná kan tó lẹ̀ mọ́ ògiri, ni ìyá tó bí màmá mi bá di ọwọ́ mi mú.

"Fi í sílẹ̀. Àwọn ẹbí rẹ̀ ló yọ òwú tí wọ́n fi hun sányán mi."

Ẹ̀rọ ata ń pariwo lójúde wa ní Àilégún, òórùn ewé òróǹbó sì ń gba ojú fèrèsé wọlé. Orí igi òróǹbó yẹn ni àwọn labalábá tí mo fẹ́ràn máa ń bà sí, dúdú tí wọ́n ta ìyeyè sí lára, wọ́n á pa ìyẹ́ pọ̀ sókè. Àfòpiná ní tirẹ̀ rí bí eérú, ó na ìyẹ́ sílẹ̀ bí ẹní. Ìyá àgbà kò bá mi jiyàn ẹwà. Ó kàn ní labalábá kì í dáṣọ fún ara rẹ̀: bí kòkòrò rẹ̀ bá fẹ́ para dà, ìhòhò ló ń rọ̀ mọ́ ẹ̀ka. Kòkòrò àfòpiná a kọ́kọ́ yọ òwú bo ara, òwú ọ̀hún ni wọ́n ń ran.

Sányán kan ṣoṣo ló ní, bàbá rẹ̀ ló hun ún. Òun ló fẹ́ kí a fi sin òun, ó sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọbẹ̀. Nítorí aṣọ yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa àfòpiná nílé wa, kò sì jẹ́ kí màmá mi fi káńfọ̀ tó ń lé kòkòrò sínú àpótí aṣọ òun.

Nígbà tí màmá mi bí àbúrò mi, Ìyá àgbà ṣí àpótí láti sá aṣọ sóòrùn. Sányán ti lu bí asẹ́. Àfòpiná kékeré kan fò jáde, òmíràn tẹ̀lé e. Mo bú sẹ́kún.

Ó jókòó ti àpótí, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Èmi ni mo gbà á lálejò."

"Ìyá àgbà, kí la ó wá fi sin yín?"

"Ilẹ̀ ò béèrè irú aṣọ téèyàn wọ̀. Bá mi mú sísọ́ọ̀sì wá."

Ó gé ibi tó ṣì dáa, ó ṣẹ́ ẹ létí, ó fi ṣe ọ̀já, ó sì fi pọn àbúrò mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Nígbà tí Ìyá àgbà kú, aṣọ funfun lásán la fi sin ín. Mo ṣì fẹ́ràn labalábá ju àfòpiná lọ, mi ò lè purọ́. Káńfọ̀ ni mo sì fi ń tọ́jú ọ̀já yẹn. Òun ni mo fi pọn àwọn ọmọ mi. Ilẹ̀ ni sányán yìí ì bá bá a wọ̀ lọ. Kòkòrò ló dá a padà sẹ́yìn mi.