Ìbéèrè Tí Wọ́n Gé Ìdáhùn Rẹ̀ Kúrò

Ẹ fìdí kalẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó dúró kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ dópin. Ẹsẹ̀ á ti máa sọ fún un pé ó tó. Ọ̀rọ̀ tèmi yìí, àfi kéèyàn gbọ́ ọ dópin, torí àìgbọ́ ọ̀rọ̀ dópin gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ wa.

Ohùn ni mo ń tà. Ṣọ́ọ̀bù mi wà nísàlẹ̀ Mápó, níbi tí ọ̀nà ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ọjà'ba. Bí àáfà bá fẹ́ ṣe wáàsí ní Bẹẹrẹ tàbí ní Bẹyẹrunka, èmi ni mo máa ń gbé ẹ̀rọ síwájú rẹ̀ tí n ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì la fi bẹ̀rẹ̀. Síídì dé, ó lé kásẹ́ẹ̀tì lọ. Mẹ́mórì fóònù dé, ó lé síídì lọ. Èmi ò lọ. Títí dòní, "Bàbá Oníkásẹ́ẹ̀tì" ni wọ́n ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ ò mọ kásẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí páálí ìṣáná.

Iṣẹ́ wa ní ọgbọ́n kan. Sípíkà ńlá máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ a kì í fi odindi wáàsí sí i. Bí a bá fi odindi sí i, ta ni yóò rà? Ibi tí àáfà bá ti béèrè ohun tó mú gbogbo èèyàn dákẹ́ rọ́rọ́, ibẹ̀ la ti ń gé e. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé, "Fi ẹran han ajá, má tíì fi sí i lẹ́nu." Obìnrin tó ru ẹrù á dúró, á ní, "Kí wá ni àáfà sọ?" Èmi á ní, "Ó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì, Àlàájà." Àwa méjèèjì á rẹ́rìn-ín, obìnrin náà á sì wọlé wá rà á. Kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ajánásì fún yín. Nínú wáàsí ilẹ̀ wa, àáfà kì í dá sọ̀rọ̀. Ajánásì á jókòó tì í, á ka ọ̀rọ̀ náà ní Lárúbáwá, àáfà á wá túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Bí àáfà bá fẹ́ sáré jù, ajánásì ni ìjánu rẹ̀. Àáfà tí ohùn rẹ̀ tà jù nínú ṣọ́ọ̀bù mi, Àáfà Olóhùn-Iyọ̀ la ń pè é. Ó ti lọ bá Ọlọ́run. Ajánásì rẹ̀, bàbá kúkúrú kan tó ń gbé ní Yemetu, ṣì wà nígbà náà. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, àmọ́ ohùn rẹ̀ ò yẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni Múrí wọlé tọ̀ mí wá. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ló ti ń fi ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ ọnà sára agbádá, ọkùnrin tó ti tó ìyàwó í fẹ́, ọmọ kan ṣoṣo ìyá rẹ̀ tó ń ta ọṣẹ dúdú ní Ọjà'ba. Ó na fóònù sí mi.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ẹ bá mi fọ ohùn yìí, ó ń kùn."

Mo so ó mọ́ sípíkà. Ohùn Àáfà Olóhùn-Iyọ̀ ni! Àmọ́ wọ́n ti fi orin àwọn ọkùnrin kan sábẹ́ rẹ̀, orin tí kò ní ìlù. Nínú fídíò tí ohùn náà wà, ẹṣin ń sáré nínú eruku, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń jẹun nínú àwo kan, wọ́n ń fẹ̀yìn ti ara wọn bí ọmọ ìyá. Àáfà wá ké pé, "Ta ni yóò fi ilé sílẹ̀ nítorí Ọlọ́run? Ta ni?" Ó gé síbẹ̀.

Mo ní, "Kí ló wá sọ?"

Múrí rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, ó ní nọ́ńbà tó máa kọ̀wé sí."

Ó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì, Àlàájà. Bó ṣe dún létí mi nìyẹn.

"Ajánásì dà?"

"Ajánásì wo, Bàbá?"

"Àáfà yìí ò dá sọ̀rọ̀ rí láyé rẹ̀. Ta ló yọ ohùn kejì?"

"Bóyá ẹ̀rọ ló jẹ ẹ́."

"Ẹ̀rọ kì í yan ohùn jẹ, Múrí. Ọwọ́ èèyàn ni."

N kò pariwo mọ́ ọn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo fẹ́ mọ̀. Mo fún un lága, mo ní kó fi ọjà àwọn tó fi ohùn náà ránṣẹ́ sí i hàn mí, torí mo rí i pé ọjà ni. Ó sì fi hàn mí tayọ̀tayọ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń fi ránṣẹ́ ni àwàdà àti fídíò oúnjẹ tí wọ́n ń pín fún opó. Lẹ́yìn náà ni ilé tó ń jó àti ọmọdé tó ń sunkún, wọn ò sì sọ ẹni tó dáná sun ilé náà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìbéèrè tí wọ́n gé. Ẹni tó bá kọ̀wé sí wọn, ọkùnrin kan tí Múrí ń pè ní Ẹ̀gbọ́n á máa kí i ní ìdájí, "Àbúrò, ṣé o sùn dáadáa?" Fídíò kan náà ni wọ́n ń fi èdè Haúsá ṣe, tí wọ́n ń fi Faransé ṣe, tí wọ́n wá fi ohùn òkú wa ṣe ní Yorùbá. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Nìjẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ wọn, àwọn ọmọ Málì wà níbẹ̀. Múrí tilẹ̀ ti yan ọ̀rẹ́ kan níhà Kétu, ní ilẹ̀ Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, tó ń sọ Yorùbá bíi tiwa. Aṣọ́bodè ò sí lórí fóònù.

Mo béèrè pé, "Wọ́n ti ní kí ìwọ náà máa bọ̀ lọ́dọ̀ wọn, àbí? Kí ni wọ́n ní kí o wá ṣe lọ́hùn-ún?"

"Wọ́n ń wá aránṣọ."

"Aránṣọ lójú ogun?"

"Bàbá, wọn ò dárúkọ ogun."

"Wọn ò ní dárúkọ ẹ̀. Èmi náà kì í dárúkọ owó títí Àlàájà á fi wọlé."

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní Jímọ̀ lòun ń lọ, wọ́n ti fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, báàgì òun ti wà lábẹ́ ẹ̀rọ. "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ má sọ fún ìyá mi. Wọ́n ní ká má sọ fún ẹnikẹ́ni." Ọ̀la sì ni Jímọ̀.

Mo ní kó fi ohùn náà sílẹ̀, kó wá gbà á láàárọ̀. Mo tú ṣọ́ọ̀bù. Mo rí kásẹ́ẹ̀tì wáàsí náà, àmọ́ òjò ti wọ inú páálí, téèpù rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra bí ewé tí àgbàrá gbá jọ. Ọ̀kadà ni mo gùn lọ sí Yemetu.

Nígbà tí Múrí dé láàárọ̀, Ajánásì ti jókòó lórí àpótí mi. Múrí dọ̀bálẹ̀. Mo tan ohùn náà. "Ta ni yóò fi ilé sílẹ̀ nítorí Ọlọ́run? Ta ni?" Ó gé.

Bàbá arúgbó gbórí sókè. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Ó gbé Lárúbáwá náà ní ohùn tó ti ń fi kà á látayébáyé, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àáfà túmọ̀, ó rántí pé àáfà ò sí mọ́, ó wá fúnra rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀: pé ọkùnrin kan wá bá Ànábì, ó fẹ́ lọ sójú ogun, Ànábì sì bi í bóyá ìyá rẹ̀ wà láyé. Ó ní ó wà. Ànábì ní kó padà, kó má kúrò lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló bínú. "Ta ló gé mi kúrò? Gbogbo ọdún tí mo fi jókòó ti àáfà, kò sẹ́ni tó dán an wò! Ṣé ohùn mi ò dùn ni?"

"Ó dùn, Bàbá," ni Múrí wí.

"Kí ló dé tí wọ́n fi yọ mí?"

Múrí ti fóònù bọ àpò.

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà lọ́jà, Bàbá."

"Kí ni wọ́n ń tà?"

"Ọṣẹ."

"Lọ bá mi ra ọṣẹ wá."

Ó jáde. Ọkàn mi lọ sára báàgì abẹ́ ẹ̀rọ. Mo ń wo ọ̀nà, mo ń wo ọ̀nà, àfi ìgbà tí mo rí Ìyá Múrí tó fa ọmọ rẹ̀ lọ́rùn ọwọ́, ọṣẹ wà lọ́wọ́ kejì.

"Bàbá Oníkásẹ́ẹ̀tì, kí lẹ fi sétí ọmọ mi? Ó dé ọjà, ó ń sunkún lójú àwọn oníbàárà mi!"

"Ìdáhùn ni, Ìyá Múrí."

Múrí fẹnu ara rẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ìyá rẹ̀ gbá a létí, ó tún gbá a mọ́ra. Àwa àti lèmọ́mù àdúgbò la jọ gbé fóònù náà lọ fi han àwọn agbófinró. Wọ́n bi Múrí ní ìbéèrè títí, wọ́n sì jẹ́ kó máa lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n tó máa ń kí i ní ìdájí kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ lórí fóònù, ó wá ṣépè. Àmọ́ ọ̀rẹ́ Kétu ti lọ ní tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó kọ sí Múrí ni pé, "Kò sí aránṣọ níbí. Má wá." A ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ajánásì náà ti papòdà, nígbà ọyẹ́. Kó tó lọ, a jókòó tì í, ó ka gbogbo ibi tí òjò bà jẹ́ nínú ohùn àáfà, mo sì so ohùn rẹ̀ mọ́ ti àáfà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló jogún tẹ̀súbáà rẹ̀. Ìyá Múrí gba báàgì ìrìn-àjò. Ọṣẹ ló ń kó sínú rẹ̀ lọ sọ́jà. Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n, nítorí náà Múrí ló ni sípíkà báyìí, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Lánàá, àáfà béèrè nínú sípíkà pé ta ni yóò fi ilé sílẹ̀. Obìnrin kan tó ru ẹrù dúró.

"Kí wá ni àáfà sọ?"

Múrí ò gbójú kúrò lára aṣọ. "Ẹ ṣe sùúrù, Àlàájà. Ó ń bọ̀."

Ohùn Ajánásì sì wọlé.