Lẹ́tà Tó Wà Lápò Mọ́ńdè

Àbúrò bàbá mi kan wà tí èmi ń pè ní Bọ̀ọ̀dá, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mọ́ńdè. Kì í ṣe pé ọjọ́ náà ni wọ́n bí i o. Fíìmù ló kó bá a.

Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlélógún, tó ń wáṣẹ́ kiri, àwọn tó ń ya fíìmù nípa àwọn ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́ rí i lórí ìlà níwájú ilé iṣẹ́ kan. Wọ́n ní ojú ẹ̀ gan-an làwọn ń wá. Nínú fíìmù yẹn, á yọ lẹ́tà lápò kóòtù, á fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí ọ̀gá kan, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, iṣẹ́ yòówù tó bá wà." Ọ̀gá á ní, "Padà wá ní Mọ́ńdè!" Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Látìgbà náà, ibi tó bá gbé lẹ́tà dé, wọ́n á máa pe ara wọn jáde: "Mọ́ńdè nìyí! Ẹ wá wò ó!" Wọ́n á bá a ya fọ́tò, wọ́n á fún un lómi tútù, wọ́n á sì gbàgbé iṣẹ́ tó wá bá wọn. Ọgbọ̀n ọdún! Ó ru búlọ́ọ̀kù, ó kun ilé onílé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ oṣù tí wọ́n ń fúnni ní yúnífọ́ọ̀mù, kò rí i rí. Èmi ni inú máa ń bí. Òun á ní, "Bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Àbí ìwọ ni ò ríṣẹ́ ni?"

Lóṣù tó kọjá, ilé sinimá wa fẹ́ tún fíìmù náà gbé jáde, wọ́n sì ní kí Mọ́ńdè wá jókòó níwájú. Ọjọ́ tó lọ gba tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ló rí ìwé lára ilẹ̀kùn: wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó sáré wálé, ó ní kí n bá òun kọ lẹ́tà tó dáa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un kọ.

Nígbà tí fíìmù parí, ọ̀gá ibẹ̀ pè é sórí pèpéle. Bọ̀ọ̀dá mi dúró, ó ki ọwọ́ bọ àpò kóòtù. Mo ń mirí fún un pé rárá, kì í ṣe níbí! Ó ti na lẹ́tà náà sí ọ̀gá.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, iṣẹ́ ẹnu ọ̀nà yẹn."

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá di ikùn mú. "Padà wá ní Mọ́ńdè!" Àtẹ́wọ́ fẹ́ẹ̀ ṣí òrùlé. Mo pariwo pé, "Lẹ́tà gidi ni o! Ẹ ṣí i!" Ta ló gbọ́? Ọ̀gá fúnra ẹ̀ ló dá lẹ́tà náà padà sápò kóòtù Bọ̀ọ̀dá.

Nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, ó fi áyọ́ọ̀nù lọ kóòtù ẹ̀, ó sì wọ̀ ọ́.

"Bọ̀ọ̀dá, eré ló fi yín ṣe!"

"Ó sọ ọ́ lójú èèyàn," ó ní, ó sì lọ.

Kò pẹ́ tó fi dé. Ó ní ìwé ara ilẹ̀kùn ti kúrò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti wà níbẹ̀ nínú yúnífọ́ọ̀mù tuntun, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bọ òun lọ́wọ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò."

"Ẹ ò fún un ní lẹ́tà yẹn kó bá yín gbé e wọlé?"

"Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́? Kí n wá kó ọkàn ẹ̀ sókè?"

Ó bọ́ kóòtù, ó fi kọ́ sára ògiri. Kò yọ lẹ́tà náà kúrò nínú ẹ̀.