Ọmọ ọkọ mi béèrè ẹni tó bí Jésù

Látìgbà tí mo ti ṣègbéyàwó wá sí Mówè, ọmọ ọkọ mi tí ìyá ẹ̀ ti kú kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan orí òun. Lónìí, ó gbà kí n dirun Kérésì fún òun.

Mo ní Kérésì ju bàtà tuntun lọ, ọjọ́ ìbí Jésù ni.

Ó ní, "Àǹtí, ṣé Jósẹ́fù ló bí i?"

"Rárá, Ọlọ́run ló ní kó bá òun tọ́ ọ."

"Ṣé ó máa ń nà án?"

"Ó fẹ́ràn rẹ̀ ni."

"Ẹ̀yin náà ò nà mí rí."

Ló bá gbé orí lé itan mi, ó sùn lọ. Ọkàn mi wá balẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́ ọmọ ọkọ, ṣé bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí?