Ẹni Tó Ń Lóṣòó Wo Kọ́nà

Bí mo bá rí àgbàlagbà tó lóṣòó sétí títì, àbúrò bàbá mi ni mo máa ń rántí. Ẹnjiníà ni, ohun tó ń fa jàǹbá ọkọ̀ ló ń wádìí. Tó bá rí kọ́nà, àfi kó sọ̀kalẹ̀, kó lóṣòó dé ibi tí ojú awakọ̀ máa ń wà, kó máa wo iwájú. Á ní, "Ọkọ̀ lè yà ní kọ́nà, ojú kì í yà."

Ní ogójì ọdún sẹ́yìn, òun ló fi Pijó rẹ̀ gbé mi láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ ṣègbéyàwó ní Ayépé. A dé kọ́nà kan tí koríko bò, ló bá páàkì.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, a ti pẹ́!"

"Aṣọ funfun rẹ yìí gan-an ni mo ń wá. Lọ dúró sétí títì lọ́hùn-ún, lẹ́yìn kọ́nà."

Mo ká gáùn mi sókè, mo lọ dúró. Bọ̀dá lóṣòó tagbádátagbádá, kò rí mi. Ó yọ àdá nínú búùtù, ó ń ṣán koríko, ó tún ń lóṣòó, títí ó fi pariwo: "Mo ti rí ìyàwó!"

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ mi ti ń làágùn, ó rò pé mo ti sá ni. Bọ̀dá gbọn koríko kúrò lágbádá, ó ní, "Ọ̀nà tí ẹ máa gbà padà ni mo ń tún ṣe."

Bí a ṣe ń padà lọ, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi. Títí dòní, tí a bá ti dé kọ́nà yẹn, ọkọ mi á rọra tẹ búrèkì, á bojú wò mí níbi tí mo jókòó sí, á ní: "Mo ti rí ìyàwó."