Orúkọ Tí Mo Kà Níbi Tí Kò Sí

Òórùn tàdáwà àti kẹrosíìnì ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ilé ìtẹ̀wé kan wà ní Ìfàkì nígbà náà, lẹ́bàá ibi tí àwọn ọlọ́kadà máa ń dúró sí, yàrá kan ṣoṣo tí òrùlé páànù rẹ̀ ti dúdú, tí ẹ̀rọ ńlá kan ń lu bébà gbì-gbì-gbì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kẹrosíìnì ni wọ́n fi ń nu ẹ̀rọ náà, òórùn rẹ̀ á sì wọ aṣọ rẹ, á bá ọ délé, á tún bá ọ dé ìdí oúnjẹ. Ibẹ̀ ni mo ti lọ gba páálí ìwé orin tuntun tí ìjọ wa ní Ìkọ̀lé tẹ̀. Mo gbé páálí náà lé itan nínú takisí, inú sì ń bí mi láti Ìfàkì títí dé Ọ̀yẹ́, láti Ọ̀yẹ́ títí dé Ìkọ̀lé. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ báyìí. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ọ yìí.

Ẹnì kan ṣoṣo ni màá dárúkọ nínú ọ̀rọ̀ yìí: Màmá Dọ́káàsì Ọmọ́yẹni. Àwa yòókù, alága, ọ̀gá akọrin, àlùfáà àti èmi fúnra mi, ipò wa ti tó wa, jẹ́ ká máa fi ipò náà jẹ́. Bóyá o kò tiẹ̀ gbọ́ nípa Màmá rí. Kí rédíò tó máa gbé orin ẹ̀mí sáfẹ́fẹ́ láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni ládùúgbò wa tó gbà pé obìnrin lè dúró níwájú èrò kó fi orin wàásù, Màmá ti kó obìnrin mẹ́fà jọ pẹ̀lú agogo méjì àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ààyè, lọ sí Àsin, lọ sí àwọn abà tí mọ́tò ò dé. Télọ̀ ni. Orí bébà tó fi ń gé aṣọ oníbàárà ló ń kọ orin sí. Nígbà tí orin pọ̀, ó kó wọn lọ sí ilé ìtẹ̀wé, ó fi wọ́n ṣe ìwé pélébé aláwọ̀ ewé, ó kó o sínú abọ́ tánganran, ó gbé e rù, ó ń tà á lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì gbogbo, ti Áńgílíkà, ti Kátólíìkì, títí kan ti àwọn alátùúnbí. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ mẹ́rin ló tẹ̀ láyé rẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ nígbà náà tiẹ̀ ní kó lọ jókòó sẹ́yìn fún oṣù mẹ́ta, wọ́n ní obìnrin tó ń gbé orin Ọlọ́run kiri abà ń tàbùkù ìjọ. Ó lọ jókòó sẹ́yìn. Ẹ̀yìn yẹn ló ti kọ mẹ́ta nínú àwọn orin tí wọ́n ń fi ṣe ìdúpẹ́ lónìí.

Ìyá mi wà lára àwọn obìnrin mẹ́fà yẹn. Ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà, ọmọ ọwọ́, lọ́jọ́ tí òjò ká wọn mọ́ ojú ọ̀nà Ààyè tó sì nà wọ́n débi pé awọ ẹsẹ̀ wọn ń ṣí. Wọ́n ní gbogbo wọn ń ráhùn, àfi Màmá tó bọ́ ìborí rẹ̀ bò mí lórí, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé orin tí ẹnì kankan kò gbọ́ rí: "Òjò pa mí lọ́nà Ààyè, orin mi ò tutù." Kí wọ́n tó dé ìlú, ó ti kọ́ wọn ní gbígbè rẹ̀: "Jésù ló daná sí i." Ìyá mi sọ ìtàn yìí fún mi tó ìgbà ọgbọ̀n kó tó kú. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé òun ò mọ ẹni tó ni orin yẹn.

Òfin kan sì wà láàárín àwọn obìnrin ìjọ wa tí a ò kọ síwèé: ẹni tó ni orin ló ń lé e. Bí ó bá wà níjòókòó, ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ lé orin rẹ̀, àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ kan onítọ̀hún léjìká. Bí aláìmọ̀kan bá wá lé e, a ò ní bú u, a ò ní bá a jà, a kàn ò ní gbè é ni. A ó dákẹ́ títí ojú á fi tì í. Obìnrin tó ti gbé ilé ọkọ ní Ìkọ̀lé fún ọdún kan péré ti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ìjọ fẹ́ ṣe àádọ́rin ọdún, wọ́n yan ìgbìmọ̀ ìwé orin. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama kan tó ti fẹ̀yìn tì ni alága. Olùkọ́ kan ní yunifásítì, àlejò tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta láàárín wa, ni ọ̀gá akọrin. Èmi ni akọ̀wé, nítorí pé tíṣà ni mí, mo sì ní kọ̀ǹpútà. Mo tẹ gbogbo orin náà, mo sì kọ orúkọ Màmá sábẹ́ mẹ́rìnlá tó jẹ́ tirẹ̀. Alága gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Akọ̀wé, yọ orúkọ yìí. Ẹnikẹ́ni ò ni orin ẹ̀mí. Ti Ọlọ́run ni." Mo ní, "Ẹ̀yin sà, Màmá ló kọ wọ́n." Ó rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni ń pẹ̀tù sí ọmọ nínú. "Ìgbéraga la ò fẹ́ kó kó bá Màmá. A ń dáàbò bò ó ni." Ṣùgbọ́n wò ó, orúkọ ọ̀gá akọrin wà níwájú ìwé náà gàdàgbà pẹ̀lú oyè ẹ̀kọ́ mẹ́ta nídìí rẹ̀, fọ́tò alága pẹ̀lú kóòtù àti táì wà lójú ewé kejì. Ó jọ pé ọwọ́ Ọlọ́run ò dé iwájú ìwé, inú nìkan ló ni.

Kí n má purọ́ fún ọ, wọn ò mú mi so. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi pa orúkọ náà rẹ́, lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá. Ẹ̀rù ló bà mí. Alága mọ àwọn tó ń gbé tíṣà láti iléèwé kan sí òmíràn, ọmọ mi kékeré ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, mi ò fẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ sí ibi tí mi ò ti ní máa sùn nílé. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ọmọ tí wọ́n fi ìborí bò lórí nínú òjò lo ń bá sọ̀rọ̀ yìí.

Èyí tó tẹ̀ lé e ló burú jù. Mo mú ẹ̀dà kan lọ fún Màmá nílé. Ojú rẹ̀ ti lọ tán nígbà náà, òjìji ènìyàn nìkan ló kù tó ń rí. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, ó ń bó àgbàdo, ó nu ọwọ́ mọ́ ìró kó tó gba ìwé náà. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, "Ùwé wa ti dé ulé." Ó ní kí n ṣí ibi tí orin òjò Ààyè wà, mo ṣí ojú ewé kejìlélógún. "Ka ohun tí ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀ fún mi." Bébà funfun ló wà níbẹ̀. Mo wo bébà funfun yẹn, mo sì kà á jáde ketekete: "Dọ́káàsì Ọmọ́yẹni, ọmọ Ìkọ̀lé." Ó béèrè pé níbo gan-an ni. Mo mú ìka rẹ̀, mo gbé e síbi tí kò sí nǹkan kan, mo ní, "Ibí, Màmá." Kò yára gbé ìka náà kúrò. Ó kó àgbàdo sínú ọ̀rá fún mi, ó ní kí n lọ sè é fún ọmọ mi. Mo gbà á. Mo ń sọ fún ara mi lọ́nà pé àánú ni mo ṣe.

Lọ́jọ́ Àìkú ayẹyẹ náà, ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ìta, àlejò wá láti Ìdó, láti Ọ̀yẹ́ àti láti ibòmíràn. Màmá jókòó tì mí nínú aṣọ funfun. Ọ̀gá akọrin gba máíkì, ó sì lé e: "Òjò pa mí lọ́nà Ààyè, orin mi ò tutù!" Òjò wo ló pa á? Ọkùnrin tó jẹ́ pé inú mọ́tò tó ní éèsì ló ń gbà kọjá! Àwọn obìnrin dákẹ́. Ó rò pé a ò gbọ́ ni, ó tún un lé, ó tún un lé lẹ́ẹ̀kẹta, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọkàn mi yọ̀, mo rò pé Ọlọ́run fẹ́ bá mi ṣe ohun tí mi ò lè ṣe. Àfìgbà tí alága dìde tó gba máíkì náà. "Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbè é. Orin àtijọ́ ni, a ò mọ ẹni tó kọ ọ́. Ẹ wo ojú ewé kejìlélógún, ṣé orúkọ ẹnì kankan wà níbẹ̀?"

Màmá yí ojú rẹ̀ tí kò ríran sí ọ̀dọ̀ mi. Ó ń retí pé kí n sọ pé irọ́ ni alága ń pa, èmi sì ń wo ilẹ̀. Nígbà tó yé e, ó di bẹ́ńṣì mú, ó dìde. Ó ní, "Ẹ gbè é. Ẹ má dójú ti ùjọ níwájú àlejò." Ló bá tún jókòó. Àwọn obìnrin gbè é, òmíràn ń sunkún. Àlùfáà bọ́ síwájú, ó ní, "Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀!" Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pàtẹ́wọ́. Ìrẹ̀lẹ̀ wo? Wọ́n jà á lólè lójú ara rẹ̀, wọ́n tún ń pàtẹ́wọ́ pé kò pariwo olè! Èmi náà sì gbè é. Mo gbè é dé ìparí.

Mo lọ kúnlẹ̀ fún un lọ́jọ́ kejì. Mo bú alága, mo bú ọ̀gá akọrin, mo bú àlùfáà mọ́ ọn. Ó jẹ́ kí n bú wọn tán. Ó wá ní, "Àwọn yẹn ò mọ̀ mí. Ùwọ mọ̀ mí." Ó ní kí n dìde, pé ilẹ̀ tutù. Ọdún méjì ló tún lò láyé, kò sì lé orin mọ́. Ó máa ń gbè, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kó lé, á ní ọ̀fun ń dun òun. Níbi ìsìnkú rẹ̀, alága kan náà ló ka ìtàn ayé rẹ̀, ó pè é ní òpó orin ẹ̀mí ní gbogbo àdúgbò wa.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo mú bírò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ orin mẹ́rìnlá nínú gbogbo ẹ̀dà tó wà lórí bẹ́ńṣì. Lọ́jọ́ kejì, alága ṣí tirẹ̀, ó béèrè lójú gbogbo ìjọ pé ta ló ṣe èyí. Mo dìde, mo ní èmi ni. Ó wo ìwé náà. Ó wò mí. Ó ní, "Ó dáa," ó sì pa ìwé dé. Kò sí ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé mi kúrò ní Ìkọ̀lé, iléèwé kan náà ni mo ṣì wà títí di òní. Gbogbo ohun tí mo ń sá fún kò ju kí n dìde dúró kí n sọ gbólóhùn kan, kí ọkùnrin kan sì ní ó dáa. Mo lè ti ṣe é nígbà tí etí Màmá ṣì ń gbọ́.