Ìgò Omi Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n

Dúrọ́ọ̀mù tí Dobra fi ń se kọ́mpọ́tì, ìyẹn èso àti omi ṣúgà tí wọ́n ń dé pa sínú ìgò, tí wọ́n á sì sè nínú omi híhó, kì í ṣe dúrọ́ọ̀mù ẹnì kan ṣoṣo. Minko ọkọ rẹ̀ ló gé orí dúrọ́ọ̀mù náà kúrò lọ́dún tí wọ́n bí Zlatina ọmọ wọn, ó ní ogójì ìgò ló gbọ́dọ̀ gbà, kò gbọdọ̀ dín. Nígbà náà, ilé kún. Ìyá ọkọ ń yọ kóró ṣẹ́rì kíkan, èso pupa wẹẹrẹ, Dobra ń bu ṣúgà, Zlatina ń kó ìdérí wá, Minko ń yí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dé ìgò pa, á sì máa pariwo bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú irin. Gbogbo abúlé òkè Troyan, ní Bùlgáríà, ló máa ń gbóhùn rẹ̀.

Ikú mú ìyá ọkọ, ó mú Minko. Sípéènì mú Zlatina, ta ni yóò sì bá Sípéènì jà?

Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, Zlatina ṣèlérí. Nígbà tí ṣẹ́rì ń tanná ló pè lórí fóònù.

"Màmá, ẹ má dá a sè o. Mò ń bọ̀, a jọ máa sè é ni."

Láti ọjọ́ náà ni Dobra ti ń fọ ìgò. Ogójì ló fọ̀.

Ṣẹ́rì pọ́n nínú oṣù keje, fóònù sì tún dún.

"Màmá, ọ̀gá mi ò fún mi láyè. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i."

"Èmi á fún ọ," ni Dobra wí. "Ṣé igi á fún ọ?"

Igi kò fún un. Ẹyẹ ti ń jẹ èso lókè, ìyókù ń já bọ́ sínú koríko. Dobra, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, dá gun àkàbà. Ọwọ́ rẹ̀ kò tó ẹ̀ka òkè, ohun tó rí ká kò sì ju ìgò mọ́kànlá lọ.

Wàhálà nìyẹn. Bí ìgò kò bá há mọ́ra nínú dúrọ́ọ̀mù, bí omi bá ti ń hó ni wọ́n á máa kọlu ara wọn títí wọ́n á fi fọ́. Ọlọ́gbọ́n á yáa kó ìgò mọ́kànlá sínú ìkòkò ọbẹ̀. Dobra mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lójú tirẹ̀, obìnrin tó bá se kọ́mpọ́tì nínú ìkòkò ọbẹ̀ ti gbà pé òun nìkan ló kù, Dobra kò sì tíì gbà.

Ló bá fa omi kànga, ó rọ ọ́ sínú ìgò mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó ṣẹ́kù, ó dé wọn pa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì tò wọ́n yí ti ṣẹ́rì ká nínú dúrọ́ọ̀mù. Kuna, opó tó wà nílé kejì, yọ orí lókè ọgbà.

"Ìyá Zlatina, omi lò ń sè yẹn?"

"Omi ni."

"Ṣé o fẹ́ máa tà á ni? Bó o bá rí oníbàárà, sọ fún un pé kànga tèmi náà ní omi."

"Lọ máa wo ìkòkò ọbẹ̀ rẹ, Kuna."

Kuna rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Àkísà lèmi kọ́kọ́ ń kì sáàárín ìgò tèmi," ló wí. "Nígbà tó yá, ó sú mi."

Ó wọlé lọ. Dobra jókòó ti iná títí omi fi hó. Àìrẹ́nìkan-bá-gbé dùn ún lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí wọ́n sin Minko lọ, torí lọ́jọ́ ìsìnkú, èrò wà.

Ìgò kankan kò fọ́. Kò lè da omi náà nù, ló bá kó gbogbo rẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilé.

Oṣù kẹwàá ni Zlatina tó dé, fún ọjọ́ méjì péré. Nígbà tó di ẹrù rẹ̀ tán, ó ní òun fẹ́ mu kọ́mpọ́tì kóun tó lọ, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé kí ìyá rẹ̀ tó lè dá a dúró. Dobra bá a níwájú pẹpẹ ìgò, ó ń wo ìgò pupa mọ́kànlá àti omi tó tò lọ rẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Màmá, kí lèyí?"

"Àyè yín ni. Ti ìyá àgbà, ti bàbá rẹ, tìrẹ."

Zlatina na ọwọ́ sí pẹpẹ. Ó mú ìgò omi kan, ó ṣí i, ó mu ún dé ìdajì, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

"Omi lásán ni, Màmá."

"Mo mọ̀," ni Dobra wí. "Ṣùgbọ́n òun ni kò jẹ́ kí tèmi fọ́."